Àlejò Tí Ó Di Onílé: Ìtàn Mímú, Títà àti Jíjẹ Akàn Ọba ní Etíkun Finnmark

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọ pinpin ìtàn akàn ọba ní etíkun Finnmark, ní ìkángun àríwá orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Akàn yìí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ìṣọ̀kan Sófíẹ́tì ni wọ́n kó o wá sí òkun ibẹ̀ láàárín ọdún 1961 sí 1969. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ẹ̀dá tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ìyọnu fún àwọn apẹja ṣe di ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà, bí wọ́n ṣe ń mú un, bí wọ́n ṣe ń tà á láàyè, àti bí wọ́n ṣe ń sè é. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé akàn náà kò yí ìwà padà. Òfin, ọjà, àti ìmọ̀ nípa bí a ṣe lè pa á mọ́ láàyè ni wọ́n yí padà. Ó tún fi hàn pé gbèsè tí àǹfààní yìí dá sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun kò tíì tán.

Ìfáárà

Akàn kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Láti Badagry dé Ẹ̀pẹ́, láti etí ọ̀sà Èkó dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, ẹni tí ó bá lọ ra akàn lọ́jà mọ̀ pé èyí tí ó ṣì ń mira ni kí òun mú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni oníbàárà fi ń ṣọ́ owó rẹ̀. Akàn tí ó ti kú kí ó tó dé inú ìkòkò kì í ṣe ohun tí ìyá ọlọ́bẹ̀ tí ó mọṣẹ́ ń náwó lé lórí. Òfin ìdáná kékeré yìí kò yàtọ̀ láti ilẹ̀ olóoru dé ilẹ̀ olótùútù. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà pa òfin náà mọ́, àti iye tí ó ń ná an láti pa á mọ́.

Orílẹ̀-èdè Nọ́wè pàápàá kì í ṣe àjèjì pátápátá. Púpọ̀ nínú ẹja gbígbẹ líle tí Yorùbá ń pè ní pánlá, tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, ni ó ti ibẹ̀ wá. Ẹja kóòdù ni wọ́n ń sá sínú afẹ́fẹ́ tútù títí yóò fi gan bí igi. Nítorí náà, tí iṣẹ́ yìí bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn apẹja kóòdù tí akàn da àwọ̀n wọn rú, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò ṣàìní ìbátan pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ ilẹ̀ wa.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn rọrùn láti béèrè, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn: báwo ni àlejò tí onílé kò pè, tí ó sì ń ba oko onílé jẹ́, ṣe di ẹni tí onílé ń ṣòfin láti dáàbò bò?

1. Ilẹ̀ Finnmark àti àwọn ènìyàn ibẹ̀

Finnmark ni ilẹ̀ tí ó kángun sí àríwá jù lọ lórí ilẹ̀ ńlá Nọ́wè. Ó bá Fínláǹdì àti Rọ́ṣíà pààlà. Ó fẹ̀ ju orílẹ̀-èdè Denmark lọ, síbẹ̀ àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 80,000. Ní ìlú Kirkenes, tí ó wà nítòsí ẹnubodè Rọ́ṣíà, oòrùn kì í yọ rárá láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kìíní. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń tó oṣù méjì tí oòrùn kì í wọ̀. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti tutù tó nì, òkun tí ó kọjú sí i kì í dì, nítorí pé ìṣàn omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti Òkun Àtìláńtíìkì ń dé ibẹ̀. Àwọn apá òkun tóóró tí wọ́n wọ àárín òkè lọ, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní fjord, nìkan ni yìnyín máa ń bò ní ìpẹ̀kun wọn.

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó pàdé ní etíkun yìí. Àwọn Sámì ni onílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń da ẹranko àgbọ̀nrín yìnyín ní òkè, àwọn kan sì ń pẹja nínú fjord. Àwọn ará Nọ́wè bá wọn níbẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí wọ́n ń jẹ́ Kven tún wọlé láti Fínláǹdì, wọ́n ń sá fún ìyàn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n tẹ abúlé Bugøynes dó ní etí fjord Varanger.

Ìtàn etíkun yìí kún fún àdánù. Nígbà tí ọmọ ogun Jámánì ń sá sẹ́yìn ní ọdún 1944, wọ́n dáná sun ilé, afárá àti ọkọ̀ ojú omi káàkiri Finnmark. Bugøynes wà lára àwọn abúlé díẹ̀ tí iná náà kò jó. Ẹja ni àwọn ènìyàn fi tún ilé wọn kọ́. Ẹja náà ni ó sì tún já wọn kulẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún.

2. Irú ẹ̀dá tí akàn ọba jẹ́

Akàn ọba, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Paralithodes camtschaticus, wà lára àwọn akàn tí ó tóbi jù lọ lágbàáyé. Ibùgbé rẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni àríwá Òkun Pàsífíìkì: etíkun Kamchatka ní Rọ́ṣíà, àríwá Jàpáànù, àti Alaska ní Amẹ́ríkà. Bí akọ rẹ̀ tí ó dàgbà bá na ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó lè gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ó lè lo ohun tí ó tó ogún ọdún láyé. Ẹ̀gún ṣùkùṣùkù ni ó bo ìgbá ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ka ẹsẹ̀ akàn yìí yóò rí i pé mẹ́jọ ni ó hàn síta, ẹmú rẹ̀ méjèèjì sì wà lára mẹ́jọ náà. Akàn ọ̀sà ilẹ̀ wa ní mẹ́wàá. Ìdí ni pé, ní ojú àwọn onímọ̀ ẹ̀dá, akàn ọba kì í ṣe akàn gidi. Ó sún mọ́ irú akàn tí ó máa ń gbé inú ìkarahun ìgbín òkun ju bí ó ti sún mọ́ akàn ọ̀sà lọ. Ẹsẹ̀ méjì tó kù kéré, wọ́n sì fara pamọ́ sábẹ́ ìgbá rẹ̀.

Bí ó ṣe ń dàgbà ni ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́. Ìgbá akàn kì í fẹ̀ sí i. Ṣe ni akàn máa ń bọ́ ọ sílẹ̀, tí tuntun tí ó rọ̀ yóò sì le díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ìgbá, omi ni ó máa ń pọ̀ nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹran ibẹ̀ kì í tó nǹkan. Ìgbà ìrúwé ni abo máa ń bọ́ ìgbá tí akọ sì ń gùn ún. Abo náà yóò gbé ẹyin rẹ̀ sábẹ́ ikùn fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá. Iye ẹyin náà lè tó ọ̀kẹ́ àìmọye. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jẹ fi ń sọ pé ìgbà ìwọ́wé títí wọ inú òtútù ni ẹsẹ̀ akàn máa ń kún dénú.

3. Bí wọ́n ṣe kó akàn wá sí Òkun Barents

Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ Sófíẹ́tì ti ní in lọ́kàn láti kó akàn ọba láti Pàsífíìkì wá sí Òkun Barents. Èrò wọn ni pé òkun náà tutù tó, oúnjẹ pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí irú akàn ńlá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Tí akàn náà bá bí sí i, àwọn apẹja agbègbè Murmansk yóò ní iṣẹ́, ìjọba yóò sì ní ohun tí yóò tà sókè òkun. Ọ̀nà ni kò jẹ́. Ìrìn àjò láti etíkun kan Rọ́ṣíà dé èkejì nínú ọkọ̀ ojú irin gba ọjọ́ púpọ̀, akàn kò sì lè fara dà á. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò kùnà.

Ọkọ̀ òfurufú ni ó ṣílẹ̀kùn. Láàárín ọdún 1961 sí 1969, lábẹ́ àbójútó onímọ̀ tí ń jẹ́ Yuri Orlov, wọ́n kó akàn láti ìhà Pàsífíìkì wá sí etíkun Murmansk. Àkọsílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ náà fi sílẹ̀ fi hàn pé akàn àgbà tí ó lé díẹ̀ ní 2,600, akàn kékeré 10,000, àti àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tí iye wọn tó 1,500,000 ni wọ́n dà sínú òkun. Kókó kan yẹ fún àkíyèsí níhìn-ín. Ohun tí ó mú kí ìdáwọ́lé yìí yọrí sí rere ni pé wọ́n rí ọ̀nà gbé akàn rìn jìnnà láìkú. Ọ̀nà kan náà yìí, ìyẹn akàn ààyè nínú ọkọ̀ òfurufú, ni yóò tún sọ ẹ̀dá yìí di ọlá lẹ́yìn ogójì ọdún.

Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Nọ́wè. Akàn kò mọ ẹnubodè; ìsàlẹ̀ òkun kò ní aṣọ́bodè. Ní ọdún 1977, apẹja kan rí ọ̀kan nínú fjord Varanger. Fún ọdún mélòó kan, ohun ìyanu lásán ni ó jẹ́, ohun tí àwọn ọmọdé ń sáré wá wò ní èbúté.

4. Ìgbà tí akàn jẹ́ ìyọnu

Àwọn ọdún 1980 kò dára fún Finnmark. Ẹja kékeré tí kóòdù fi ń ṣe oúnjẹ dín kù púpọ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá náà. Ẹgbàágbèje ẹranko òkun tí ń jẹ́ síìlì, tí ebi ń pa, wọ́ dé etíkun, wọ́n sì ń kó sínú àwọ̀n. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1989 sí 1990, ìjọba ní láti gé ìwọ̀n kóòdù tí ènìyàn lè pa kù lọ́nà tí ó dun àwọn apẹja wọra.

Bugøynes wà lára àwọn tí ìyà náà jẹ jù. Ilé iṣẹ́ ẹja tí ó wà níbẹ̀ ti kógbá sílé, iṣẹ́ sì tán. Ní ọdún 1989, àwọn ará abúlé náà ṣe ohun tí gbogbo Nọ́wè ń rántí títí di òní: wọ́n fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Dagbladet, wọ́n ń béèrè bóyá agbègbè kan wà ní orílẹ̀-èdè náà tí ó lè gba gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ni wọ́n ń tọrọ. Ìgbà tí odidi abúlé bá polówó ara rẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ti kọjá àròyé.

Bí kóòdù ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, akàn náà ti gbilẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1992, àwọn tí wọ́n dẹ àwọ̀n sí Varanger bẹ̀rẹ̀ sí í fa akàn jáde dípò ẹja. Akàn a máa fi ẹ̀gún lọ́ àwọ̀n pọ̀ títí yóò fi ya. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tú u kúrò níkọ̀ọ̀kan nínú òtútù, iṣẹ́ yìí sì ń jẹ ọ̀pọ̀ wákàtí. A máa jẹ ìjẹ kúrò lẹ́nu ìwọ̀. A máa jẹ ẹja tí ó ti kó sínú àwọ̀n. Àwọn apẹja Sámì tí ọkọ̀ wọn kéré, tí wọn kò lè jáde lọ sí agbami, ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù, nítorí inú fjord ni oko wọn wà. Ẹrù ìyọnu lásán ni akàn jẹ́ fún wọn, torí pé kò tíì sí ìpín kankan tí ẹnikẹ́ni lè pa tà lábẹ́ òfin.

5. Òfin tí ó sọ ìyọnu di ìpín

Àyípadà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ Nọ́wè àti Rọ́ṣíà lórí ọ̀rọ̀ ẹja pín akàn díẹ̀ fún orílẹ̀-èdè méjèèjì, 11,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè fi ṣe ìwádìí. Ní ọdún 2002, Nọ́wè sọ ọ́ di òwò gidi. Ẹni tí wọ́n fún ní àṣẹ ni kókó ibẹ̀. Àwọn tí akàn ti ba àwọ̀n wọn jẹ́, tí wọ́n ní ọkọ̀ kéékèèké, tí wọ́n sì ń gbé etíkun náà, ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìpín. Òfin náà wò ó pé ẹni tí ó jìyà ni ó yẹ kí ó jẹ àǹfààní. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìjọba máa ń rántí irú ìlànà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn wà. Tí akàn bá jẹ́ ọrọ̀, ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ kí ó má baà tán. Tí ó bá jẹ́ àjèjì tí ó ń ba òkun jẹ́, ó yẹ kí a lé e. Nọ́wè gbìyànjú láti ṣe méjèèjì. Wọ́n fa ìlà kan sórí òkun, ní ìwọ̀n 26 ní ìhà ìlà-oòrùn, nítòsí Nordkapp. Ní ìlà-oòrùn ìlà náà, akàn jẹ́ ọrọ̀: ìpín wà, òṣùwọ̀n wà, ọdọọdún ni àwọn onímọ̀ ń ka iye rẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, akàn jẹ́ ọ̀tá: ẹni tí ó bá mú un kò gbọdọ̀ dá a padà sómi láàyè, ìpín kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní ọdún 2007, ìjọba kọ ìlànà yìí sínú ìwé tí wọ́n gbé síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Akàn kan náà tí wọ́n ń dáàbò bò lónìí di ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa lọ́la bí ó bá rìn díẹ̀ kọjá ìlà tí kò rí.

6. Bí wọ́n ṣe ń mú akàn

Ìgèrè ni wọ́n fi ń mú akàn ọba. Irin ni wọ́n fi ṣe férémù rẹ̀, àwọ̀n ni wọ́n fi bò ó, ó sì ṣeé ká pọ̀ kí ó lè gba ọkọ̀ kékeré. Ẹja hẹ́rìn-ìn-nì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìjẹ. Wọ́n á sọ ọ́ sísàlẹ̀ ọ̀gbun, wọ́n á fi okùn so ó mọ́ ohun tí ó léfòó lójú omi. Nígbà tí wọ́n bá padà wá, ẹ̀rọ ni yóò fà á gòkè.

Ibi tí ọgbọ́n wà ni ṣíṣà. Akàn tí ìgbá ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá gùn tó mìlímítà 130 kò tó òṣùwọ̀n ní agbègbè ìpín. Omi ni ó ń padà sí. Apẹja yóò yí i dojú bolẹ̀ láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo: ìrù abo, tí ó ká sábẹ́ ikùn, fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ nítorí ẹyin, ti akọ kéré, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Yóò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó kún. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá já ti pàdánù owó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé akàn tí ó burú lójú yìí bí ẹni gbé ẹyin.

Ní ìgbà òtútù, ọ̀nà mìíràn wà ní ìpẹ̀kun àwọn fjord tó dì. Wọ́n á fi ayùn gé yìnyín ní ihò, wọ́n á sọ ìgèrè kọjá ibẹ̀, wọ́n á sì fa á gòkè. Àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ń wá sí Kirkenes àti Bugøynes láti rí èyí. Wọ́n á wọ aṣọ òtútù tí ó nípọn, wọ́n á gun ọkọ̀ orí yìnyín jáde, wọ́n á sì jẹ ohun tí wọ́n mú lójú ẹsẹ̀. Ìran wíwò ti di owó fún abúlé tí ó ń wá ibi tí yóò sá lọ ní ọdún 1989.

7. Bí wọ́n ṣe ń tà á: owó wà nínú ẹ̀mí

Ìdí tí akàn kò fi gbọdọ̀ kú kí wọ́n tó sè é ṣeé ṣàlàyé. Nínú ara akàn ni ẹ̀yà kan wà tí ń lọ oúnjẹ rẹ̀. Bí akàn bá ti kú, èròjà tí ń lọ oúnjẹ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹran ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò sì ràn án lọ́wọ́. Ẹran náà yóò rọ̀ bọ̀ọ̀bọ̀ọ̀, yóò sì yí òórùn padà kíákíá. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ó wà: kí wọ́n pa á kí wọ́n sì sè é ní kíá, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi yìnyín gan an, tàbí kí wọ́n tà á láàyè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, akàn gígan ni Nọ́wè ń tà jù. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò rí i pé akàn ààyè ń mówó wá jù ú lọ. Wọ́n kọ́ àgbá omi òkun sí etí èbúté, wọ́n ń mú kí omi náà tutù nígbà gbogbo. Nínú òtútù bẹ́ẹ̀, ara akàn a máa falẹ̀, kò ní nílò oúnjẹ púpọ̀. Nígbà tí oníbàárà bá béèrè, wọ́n á kó o sínú àpótí fóòmù pẹ̀lú ohun tútù àti ohun tí ó tutù rinrin, ọkọ̀ ẹrù á gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú ní gúúsù, bàlúù á sì gbé e lọ sí Éṣíà. Gúúsù Kòríà wà lára àwọn oníbàárà tó pọ̀ jù. Ní ọjà Noryangjin ní Seoul, oníbàárà yóò nàka sí akàn tí ó wù ú nínú àgbá omi, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú rẹ̀, ilé oúnjẹ tí ó wà nínú ọjà náà yóò sì bá a sè é. Ohun tí oníbàárà Seoul ń wá kò yàtọ̀ sí ohun tí oníbàárà Ẹ̀pẹ́ ń wá: kí ó mira.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíràn tún gbé owó akàn yìí sókè. Ní Bristol Bay ní Alaska, tí í ṣe ilé akàn ọba láti ìṣẹ̀dálẹ̀, àwọn apẹja kó ohun tí ó tó mílíọ̀nù 59 kílógíráàmù ní ọdún 1980. Ní ọdún 1983, akàn ti dín kù débi pé wọ́n ti ibẹ̀ pa pátápátá fún ọdún náà. Wọ́n tún tì í ní sáà 2021 sí 2022 àti sáà tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Yukréènì ní ọdún 2022, Amẹ́ríkà fòfin de ẹja àti akàn Rọ́ṣíà. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Akàn tí ó ń tán nílé rẹ̀ ni ó ń gbilẹ̀ ní ilé àlejò.

8. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́

Sísè akàn ọba ní Finnmark kò ní ọ̀pọ̀ èròjà. Ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ pa á ní ẹ̀ẹ̀kan náà, yóò sì là á sí méjì, kí ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ẹmú kan lè wà lára ìlàjì kọ̀ọ̀kan. Yóò da ìfun àti ìgbá ẹ̀yìn nù. Ẹsẹ̀ àti ẹmú ni oúnjẹ. Omi òkun fúnra rẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń sè é, nítorí náà wọn kì í fi iyọ̀ sí i. Bí omi bá ti hó, wọ́n á kó ẹsẹ̀ náà sínú rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, gẹ́gẹ́ bí ó bá ṣe tóbi tó.

Àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà lójú ẹni. Akàn ààyè dúdú díẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ooru bá kàn án, yóò pọ́n wẹ̀ẹ̀. Àwọ̀ pupa náà ti wà lára ìgbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èròjà amáradàgbà kan ni ó dì í mú, ooru ni ó sì tú u sílẹ̀. Akàn ọ̀sà tiwa náà ń pọ́n nínú ọbẹ̀ nítorí ìdí kan náà, olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì lè fi ìkòkò kan ṣàlàyé èyí fún akẹ́kọ̀ọ́.

Wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé ìgbá ẹsẹ̀ náà gùn-ún-gùn, ẹran funfun bíi owú yóò sì jáde lódidi. Búrẹ́dì funfun, bọ́tà, máyónéèsì àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń tì í. Kò sí ata, kò sí ìrú, kò sí epo. Ẹni tí ó bá mọ ọbẹ̀ ilá alákàn yóò máa rò ó pé oúnjẹ náà kò tíì parí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ohun tí ó tutù yọ̀yọ̀ kò nílò ọ̀ṣọ́. Adùn rẹ̀ ni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òkun jáde. Oríṣi méjì ni ọgbọ́n oúnjẹ yìí: èyí tí ń fi èròjà kún ẹran, àti èyí tí ń sá fún ohunkóhun tí yóò bo ẹran mọ́lẹ̀. Ọ̀kan kò fi ọ̀kan ṣe ọ̀gá.

9. Gbèsè ìsàlẹ̀ òkun

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn sí ọlá tuntun yìí. Akàn ọba ń jẹ ìṣáwùrú òkun, ìràwọ̀ òkun, aràn, ẹyin ẹja àti ohunkóhun tí ó bá pàdé. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ ìsàlẹ̀ fjord wò ní agbègbè Varanger rí i pé níbi tí akàn ti pọ̀, oríṣiríṣi ẹ̀dá kéékèèké tí ń gbé inú ẹrẹ̀ ti dín kù gan-an. Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ni wọ́n ń tú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń wọlé síbẹ̀; bí wọ́n bá tán, ìsàlẹ̀ òkun náà yóò ṣòro láti mí. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo àyíká ti ké pé kí wọ́n pa akàn náà run. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní etíkun náà dá wọn lóhùn pé ẹni tí ó ń gbé ní Oslo kò mọ ohun tí abúlé òfìfo jọ.

Ẹjọ́ méjèèjì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìwé ìṣirò tí ó bá ka owó akàn nìkan kò pé, nítorí kò sí ẹni tí ó ń ta ìṣáwùrú àti aràn tí wọ́n ti run. Ìwé ìṣirò tí ó bá ka àdánù òkun nìkan kò pé pẹ̀lú, nítorí ó gbàgbé ilé ẹ̀kọ́ abúlé tí ọmọ padà ń wọ̀. Lílé akàn náà tán pátápátá kò sì dà bí ohun tí ó lè ṣeé ṣe mọ́, torí pé ó ti gbilẹ̀ ní omi orílẹ̀-èdè méjì. Pípa á ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni òfin ṣì gbójú lé.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti tọpa akàn ọba láti Pàsífíìkì dé Òkun Barents, láti inú àwọ̀n tí ó ya dé orí òṣùwọ̀n oníṣòwò ní Seoul. Ohun mẹ́ta ni ó hàn gbangba. Èkíní, àlejò tí wọ́n kó wá láìgba àṣẹ onílé dá ìṣòro sílẹ̀ tí àwọn tí wọ́n kó o wá kò san owó rẹ̀. Èkejì, ìṣòro náà di àǹfààní nígbà tí òfin fún àwọn tí ó pa lára ní ìpín, tí ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ láti tà á láàyè. Ẹ̀kẹta, àǹfààní náà kò pa ìbàjẹ́ rẹ́. Ṣe ni wọ́n jọ ń gbé pọ̀ nínú omi kan náà.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ìtàn kì í ṣe ti ọba àti ogun nìkan. Àwo oúnjẹ kan lè so ìmọ̀ ẹ̀dá, ìmọ̀ òfin, ọrọ̀ ajé àti ìtàn ìṣípòpadà pọ̀ mọ́ ara wọn níwájú akẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀ tiwa náà ní àlejò inú omi. Ewéko inú omi kan tí ó ti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ apẹja lórí ọ̀sà Èkó láti àwọn ọdún 1980, jẹ́ ọ̀kan. Olùkọ́ tí ó bá mú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dé etí ọ̀sà lè béèrè ìbéèrè kan náà tí àwọn ará Finnmark ń béèrè: ta ni ó kó o wá, ta ni ó ń jìyà rẹ̀, ta ni òfin sì fún ní ẹ̀tọ́ láti jẹ àǹfààní rẹ̀ bí àǹfààní bá wà?